Omi Dà?

Àwòrán kan wà tí gbogbo ilé wa fi máa ń bá Ìyá àgbà ṣẹ̀fẹ̀. Ó dúró sí etí ọ̀gbun kan, ó di agboòrùn dúdú rẹ̀ mú gírígírí, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó yẹ kí omi ti máa já wálẹ̀, àpáta gbígbẹ nìkan ni ojú ń rí. Lọ́dún 1991, nígbà tó pé ẹni ọdún 63, ni ó dá rìnrìn-àjò lọ sí Zambia láti lọ wo omi ńlá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Mosi-oa-Tunya, èyí tó túmọ̀ sí èéfín tó ń sán bí ààrá, tí David Livingstone, arìnrìn-àjò òyìnbó ará Scotland, sì fi orúkọ ọbabìnrin rẹ̀, Victoria, pè nígbà tó débẹ̀ lọ́dún 1855. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé àwòrán náà jáde, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin á béèrè pé, “Màmá, omi dà?” Èsì kan náà ni Ìyá àgbà máa ń fún un: “Etí ni mo fi gbé e bọ̀.”

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń sọ pé kò mọ ẹ̀rù. Ẹ̀rù máa ń bà á púpọ̀. Ó kàn máa ń mú ẹ̀rù náà dání lọ ni. Nígbà tó wà ní ẹni ọdún 57, ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé, ó sì fi odindi ọdún tó tẹ̀ lé e kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ láàrin àwọn ọmọ kéékèèké. Àpò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá sì ń jáde lọ, kì í bi àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ni kí òun rà bọ̀. Ohun tó máa ń béèrè ni pé kí ni kí òun bá wa wò.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tó ń lọ sí Zambia, mo sì ní kó bá mi wò ó bóyá òṣùmàrè máa ń yọ lóru. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Nígbà tó dé, ó pè mí sọ́tọ̀, ó ní òun kò rí i, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ sọ fún òun pé ó máa ń yọ nígbà tí omi bá kún tí òṣùpá sì pé. “Ìwọ fúnra rẹ ni o máa lọ wò ó,” ni ó wí. Ó ti dolóògbé kí n tó lọ.

Oṣù kẹrin ni mo débẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá pé, ìwé kékeré náà wà lápò mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àpáta gbígbẹ ti yé mi. Oṣù kẹwàá ni Ìyá àgbà lọ, nígbà tí odò Zambezi ti fà gan-an, tí apá ìlà-oòrùn, níhà Zambia, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, tí omi wá ṣẹ́ kù sí ọ̀dọ̀ Zimbabwe. Ní oṣù kẹrin tí èmi lọ, omi ti kún dé góńgó ní gbogbo fífẹ̀ àpáta náà, tó ju mítà 1,700 lọ, ó ń ya wálẹ̀ láti ibi gíga tó tó mítà 108, ìkùukùu rẹ̀ sì rin mí gbingbin kí n tó rí ohunkóhun. Ká sòótọ́, omi náà pọ̀ débi pé n kò lè rí i.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sórí afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1905, èyí tí ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì wà láàrin rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 198, odò sì wà ní nǹkan bí mítà 128 nísàlẹ̀. Ìyá àgbà kò fẹ́ràn ibi gíga rárá. Ohun tó kọ nípa afárá náà kò ju ìlà kan lọ: “312. Mi ò wolẹ̀.” Ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló kà. Èmi náà kà á, tèmi jẹ́ 259, mo sì wolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń bẹ́ sínú ọ̀gbun, ó sì dá mi lójú pé ì bá béèrè bóyá wọ́n ń gba arúgbó.

Lálẹ́, wọ́n ṣí ọgbà náà fún àwa tó fẹ́ wo òṣùmàrè. Ó yọ lóòótọ́: ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ lórí ìkùukùu, àwọ̀ rẹ̀ kò hàn tó ti ọ̀sán, mo sì dúró tì í títí òtútù fi mú mi. Mo ya àwòrán méjìlá. Mọ́kànlá dúdú kirikiri. Ẹyọ kan tó kù funfun láti òkè délẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n sá.

Èyí ni mo tẹ̀ jáde tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, sún mọ́ ọn, ó wo ti àpáta, ó wo ti ìkùukùu, ó sì yíjú sí mi.

“Omi dà?”