Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, nílé àti lẹ́yìn odi

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tíátà níbí ni pé ẹ̀yìn kì í ro mí mọ́ lálẹ́.

Nílé, bí a bá fẹ́ de síkúrúù mọ́ eegun ẹ̀yìn, X-ray la máa ń yà léraléra. Ọ̀gá á lu ihò díẹ̀, a ó yàwòrán. Wọ́n á tún lu díẹ̀ sí i, a ó tún yàwòrán. Kò sí bí a ṣe lè kánjú, mìlímítà díẹ̀ ló wà láàárín síkúrúù àti iṣan tó ń lọ sẹ́sẹ̀. Nítorí ìtànṣán, àpọ́rọ̀nù òjé ò ní kúrò lọ́rùn wa títí iṣẹ́ á fi parí. Àwa tí à ń tún ẹ̀yìn oníẹ̀yìn ṣe, tiwa ń kérora!

Níbí, wọ́n á kan férémù kékeré mọ́ eegun aláìsàn, àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó ń dán á wà lórí rẹ̀. Wọ́n á ya CT, ìyẹn àwòrán X-ray tó ń fi gbogbo ìhà eegun hàn, níbi tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí, gbogbo wa á ti bọ́ síta. Lẹ́yìn ìyẹn, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ àwọn bọ́ọ̀lù náà, ibi tí ẹnu irinṣẹ́ bá sì dé nínú eegun, a ó rí i lójú kọ̀ǹpútà.

Àwọn ará ilé máa ń bi mí bóyá rọ́bọ́ọ̀tì ló ń ṣiṣẹ́ abẹ. Rárá o. Láti 2004 tí àjọ FDA, tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí SpineAssist, tí ilé-iṣẹ́ Mazor ní Ísírẹ́lì ṣe, atọ́nà ni rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn: á di ọ̀pá oníhò mú síbi tí wọ́n ti pinnu, dókítà á ki irinṣẹ́ gba inú rẹ̀. Ní 2019, awò ojú xvision tún gbàṣẹ, èyí tó ń jẹ́ kí dókítà rí eegun bí ẹni pé awọ ò bò ó. Iṣẹ́ abẹ díìsìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ńkọ́? Ihò tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan ni kámẹ́rà tín-ín-rín ń gbà wọlé, ẹlòmíì á sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, àárò ọ̀gá mi àtijọ́ máa ń sọ mí. Ìka ni wọ́n fi ń ka eegun láti ìbàdí sókè, sókè ketekete, àwa náà á máa kà tẹ̀lé wọn. Lóṣù tó kọjá, ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan gbá férémù níbí. Kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan, àwòrán ṣì ń dán gbinrin. Dókítà ló fura, ó fi irinṣẹ́ kan eegun tí gbogbo wa ń wò. Lójú kọ̀ǹpútà, inú afẹ́fẹ́ ló wà. A ní láti tún CT yà. Bí a ṣe dúró síta, mo rí i pé ètè mi ń mì: mo ń ka eegun láti ìbàdí sókè.