Ọdún Tí Wọ́n Kọ Sí Iwájú Ilé Bàbá Wa Àgbà

Ilé tí bàbá tó bí bàbá mi kọ́ sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ṣì dúró títí di òní. Páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, òjò sì ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni ín àti ọdún tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ sókè iwájú ilé ṣì hàn kedere. Láti kékeré ni gbogbo wa ti gbà pé ọdún yẹn ni wọ́n kọ́ ilé náà. Nígbà tí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò láti wó iwájú rẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ kí n kọ́kọ́ wádìí ìtàn rẹ̀.

Mo lọ sí National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń wá fáìlì Ìpínlẹ̀ Èkìtì níbẹ̀ kò ní rí èyí tó jẹ mọ́ ayé àwọn òyìnbó, nítorí ọdún 1996 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Abẹ́ Ẹkùn Oǹdó ni Èkìtì wà láyé ìjọba amúnisìn, inú àwọn fáìlì tí wọ́n pè ní Ekiti Div (ìyẹn Ekiti Division) àti Ondo Prof (ìyẹn Ondo Provincial Office) ni ọ̀rọ̀ ìlú wa sì wà. Mo fi odindi ọjọ́ kan wá “Ikere” láìrí ohun tó jọjú, àfìgbà tí òṣìṣẹ́ àgbà kan sọ fún mi pé kí n wo “Ikerre”, torí pé r méjì ni àwọn òyìnbó máa ń fi kọ ọ́.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bá pàdé níbẹ̀. Akọ̀wé kan ló bá bàbá wa àgbà kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bẹ ìjọba pé kí ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ má ṣe gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onípáànù rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò bàbá wà nísàlẹ̀ ìwé náà. N kò rí i sójú rí, torí ó ti kú kí wọ́n tó bí mi, mo sì gbé pẹ́ńsùlù mi sílẹ̀, mo ń wo ìlà àtàǹpàkò náà fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún tó wà lórí ìwé náà fi ọdún méje ṣáájú èyí tó wà níwájú ilé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ló tú u fún mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ilé ti wà tipẹ́. Ewé gbòdògì ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò ó, kí páànù tó dé. Ọdún tí kòkó ta dáadáa ni wọ́n rẹ́ ẹ, tí bíríkìlà kọ nọ́ńbà yẹn sí i. Èmi ni mo ń pọn omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì.” Ìwé ìtẹ̀bọmi ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ gbè é lẹ́sẹ̀: àgbẹ̀ ni wọ́n kọ pé bàbá jẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ àwọn àkọ́bí rẹ̀ bọmi, oníṣòwò kòkó sì ni wọ́n kọ nígbà tó kan àwọn àbúrò wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ààfin Ògògà, ọba ìlú wa, náà ṣe rí nìyẹn. Ìwé ló sọ fún wa pé ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin náà, èyí tó fi òyìnbó tí wọ́n gbé wá kí Ògògà hàn, dé ibi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924, pé Ògògà kò gbà láti tà á, àti pé ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú Gẹ̀ẹ́sì ni British Museum fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì tí ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ń kì í ló fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ààfin náà yangàn, bí aya ṣe ń fi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ yangàn. N kò sì rí fáìlì ìjọba kankan tó lè ṣe irú rẹ̀.

Mo ti ka ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sétígbọ̀ọ́ ẹbí. Wọ́n ti gbà pé kí ṣọ́ọ̀bù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá bẹ̀bẹ̀ fún sì wà bó ṣe wà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Màmá Àgbà yóò tún ìtàn bíríkìlà náà sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi yóò sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù.