Ẹ yé fọwọ́ ra ojú tó ń yún yín

Ẹ̀yin tí imú yín máa ń dà tí ojú yín á tún máa yún lásìkò kan náà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àìsàn méjì ni, wọ́n á ra oògùn imú lọ́tọ̀, wọ́n á ra ti ojú lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà, ìyẹn àlẹ́jì, ló ń da àwọn méjèèjì láàmú.

Ara ẹni tó bá ní àlẹ́jì máa ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní IgE, ìyẹn á wá lọ lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ mast cell, mast cell yìí sì wà nínú imú, ó wà lábẹ́ awọ ara, ó wà lọ́nà ọ̀fun, ó tún pọ̀ bí nǹkan míì nínú awọ fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú. Tí ohun tí ara yẹn kò fẹ́ bá ti kàn án báyìí, ì báà ṣe eruku tàbí irun ológbò, kíá ni mast cell máa tú histamine jáde, ìyẹn èròjà tó ń fa yíyún. Ojú á pọ́n, á wú, omi á máa dà, àfi yíyún ṣáá.

Ó máa ń dùn téèyàn bá fọwọ́ ra á o, ta ni ò mọ̀! Àmọ́ rírà yẹn gan-an tún máa ń jẹ́ kí mast cell tú histamine míì sílẹ̀, ló bá tún wá ń yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń fọwọ́ ra ojú gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá ẹni tó ní ẹ́kísímà (àìsàn awọ ara tó máa ń yún), kọ́níà rẹ̀, ìyẹn ibi tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, lè fẹ́lẹ́ kó sì yọ ṣóńṣó síta. Keratoconus nìyẹn, ìríran á di bàìbàì, nígbà míì gíláàsì lásán ò ní tó o mọ́.

Oògùn ojú tó ní steroid, ìyẹn èròjà tó ń mú kí wíwú lọ sílẹ̀, ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí dókítà ò bá mọ̀ sí i, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga láìsí ìrora kankan títí á fi di gílákómà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ó sì tún lè fa kàtárátì, ìyẹn kí ibi tó yẹ kó mọ́ gaara nínú ojú di bàìbàì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti dupilumab, abẹ́rẹ́ ẹ́kísímà tó ń dí IL-4 àti IL-13 lọ́nà, ìyẹn èròjà méjì tó ń ru àlẹ́jì sókè nínú ara: ẹ́kísímà á lọ sílẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ojú àwọn kan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ẹ fi aṣọ tútù lé e, ẹ béèrè oògùn ojú tó ń dí histamine. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ta yín lójú tàbí tí ojú ń ro yín gan-an, ilé ìwòsàn ló kàn.