Àfòpiná Tí Ẹ Ò Kà Sí

Ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́dún yìí náà, àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ kó wá síwájú mi, labalábá, labalábá, labalábá. Mo bi ọ̀kan nínú yín pé àfòpiná ńkọ́, ó ní, "Mà, àwọn yẹn ò rẹwà." Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi.

Àkọ́kọ́, irú labalábá tí ayé tíì mọ̀ kò ju bí 18,000 lọ. Ti àfòpiná tó 160,000. Ẹni tó ní òun ò rí nǹkan kà nínú ìyẹn, kò tíì wò ó ni.

Ìkejì, òwe ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́, ẹ̀ ń rò pé kí wọ́n kú sínú iná fìtílà nìkan ni wọ́n mọ̀. Sányán baba aṣọ, ara wọn ló ti wá. Àwọn ọmọ Anaphe, irú àfòpiná kan, nígbà tí wọ́n ṣì ń rákò, ló ń kóra jọ sórí igi bí ìrà, tí wọ́n á jọ hun àpò kan ṣoṣo. Àwọn ìyá wa á sè é, wọ́n á ran án. (Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún yín lónìí, òwú lásán ni, àmọ́ ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ìbẹ́pẹ tí ẹ̀ ń jẹ náà, àwọn tó ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ wà lára àwọn tó ń gbé àtíkè òdòdó akọ lọ bá abo.

Ìkẹta ni ibi ìpamọ́ òkú wọn. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ẹ̀ka kan tí mi ò ní dárúkọ. A máa ń ta aṣọ funfun sáàárín igi méjì nínú igbó, a ó gbé iná sí i lóru tí kò sí òṣùpá. Wọ́n á dà bo aṣọ náà: aláwọ̀ ewé, eléérú, àti èyí tó ní àwòrán agbárí lẹ́yìn, Acherontia, olè oyin, tó máa ń ké tí o bá dì í mú. Mo fi abẹ́rẹ́ gún wọn, mo tẹ́ ìyẹ́ wọn, mo kọ ibi àti ọjọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n bá wa ra káńfọ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ń dé dáadáa. Wọ́n ní fáìlì wà lórí tábìlì ọ̀gá. Mo tún kọ. Ìyanṣẹ́lódì dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, abẹ́rẹ́ ló dúró, pépà wà lábẹ́ rẹ̀. Kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ òkú gbígbẹ ti jẹ ìyókù di lẹ́búlẹ́bú. Èyí tí wọn ò jẹ, ó ti bu. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Àfòpiná ṣáà ni. Ẹ padà lọ mú òmíràn."

Níbo? Wọ́n ti gé igbó ọ̀hún, wọ́n ti gbin ọ̀pẹ síbẹ̀.

Lọ́dún 2016, nígbà tí kòkòrò ajàgbàdo tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá dé oko wa, tí wọ́n gbọ́ pé àfòpiná ni ìyá rẹ̀, ọ̀gá yìí kan náà ló pè mí pé ṣé mo lè dá a mọ̀. Tí a bá pàdé lóde ìnáwó, ó máa ń ṣàdúrà fún mi. Àárín eyín ni mo fi ń ṣe àmín.

Ẹni tó bá fẹ́ mú àfòpiná, kó wá bá mi, aṣọ àti iná wà. Kó ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá mú, kó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ìwé méjì, kí ọ̀kan wà nílé ara rẹ̀. Káńfọ̀, ẹ fi owó ara yín rà á. Ẹ má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.