Oríta ni wọ́n ti ń yí ìparí fíìmù padà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa láti Kàbà títí dé Ìsánlú, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi.

Orúkọ àwọn òṣèré ò tíì gòkè tán lójú tẹlifíṣọ̀n tí àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní kò yẹ kí ọmọkùnrin yẹn kú. Òmíràn á ní ìyá ẹ̀ ló yẹ kó kú. Ẹnì kẹta, tó ti ń sùn láti ìdajì fíìmù, á ní kí ọlọ́pàá wọlé kí ọ̀rọ̀ tán. Ìparí táwọn olùwòran ń fẹ́ kì í wọ́n. Èyí tó máa dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ ló wọ́n. Ohun tó fà á ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dì mú, bẹ́ẹ̀ oríta ti kọjá tipẹ́.

Oríta tí à ń wí ni ibi tí ẹnì kan nínú fíìmù ti lè ṣe méjì, tó sì ṣe ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìparí mìíràn, ẹ máa padà sẹ́yìn láti ìgbẹ̀yìn, ìran kan tẹ̀ lé ìran kan, kẹ́ ẹ máa bi ara yín pé: níbí, ṣé ó ṣì lè yàn? Ibi tí ìdáhùn bá ti kọ́kọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí. Ẹni tó bá yí méjì, fíìmù tuntun ló ń ṣe, kì í ṣe ìparí tuntun.

Ẹ jẹ́ ká mú pákó inú Titanic (1997), torí ẹjọ́ ẹ̀ kì í tán. Ọkọ̀ ojú omi rì, Rose wà lórí pákó, Jack olólùfẹ́ ẹ̀ wà nínú omi tútù títí ó fi kú. Gbogbo ayé ló ń wọn pákó yẹn pé ó gba èèyàn méjì. Ní 2023, James Cameron tó ṣe fíìmù náà ní kí èèyàn méjì wọ inú omi tútù láti dán an wò, wọ́n sì rí ọ̀nà kan tí Jack fi lè yè é. Ṣùgbọ́n ẹ tún fíìmù yẹn wò. Jack gbìyànjú àtigun pákó lẹ́ẹ̀kan, pákó fẹ́ dojú dé, ó sì jáwọ́. Kò tún gbìyànjú mọ́. Ẹni tí kò ní fi ẹ̀mí Rose ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹ lè fẹ pákó náà kó tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ìwà Jack ò ní yí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yè, ọwọ́ Rose ni kẹ́ ẹ fi ìpinnu sí: kí òun bọ́ ẹ̀wù tó ń mú un léfòó, kó fún un. Bí wọ́n sì ṣe ṣe é nínú ìdánwò tó bọ́ sí i nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù pàápàá máa ń yí ìparí padà, ẹ̀kọ́ sì pọ̀ níbi tí wọ́n ti gbà á àti ibi tí wọ́n ti ṣì í. Rambo àkọ́kọ́, First Blood (1982), wọ́n yà á pé Rambo kú, bó ṣe kú nínú ìwé David Morrell tó jáde ní 1972. Wọ́n fi han àwùjọ kan, àwùjọ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n bá jẹ́ kó yè. Ìyẹn ò le, torí oríta ẹ̀ sún mọ́ òpin: ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀, ó lè kú, ó sì lè jọ̀wọ́ ara ẹ̀.

Ti Fatal Attraction (1987) ló le. Dan ní ìyàwó nílé, ó sì yan Alex lálè. Ní ìparí tí wọ́n kọ́kọ́ yà, Alex fi ọ̀bẹ tí ìka Dan ti kàn gba ẹ̀mí ara ẹ̀, wọ́n sì wá mú Dan. Àwùjọ tún kọ̀, wọ́n sì lọ ya ti ilé ìwẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, tí ìyàwó Dan ti yìnbọn. Àmọ́ ẹ fetí sí i: láàárín fíìmù, Alex àti Dan sọ̀rọ̀ nípa Madame Butterfly, eré olórin tí obìnrin inú ẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ pa ara ẹ̀. Ìparí àkọ́kọ́ ni wọ́n gbin ìyẹn fún. Wọ́n yí ìparí, wọn ò hú ohun tí wọ́n gbìn. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní bí iṣu tí wọ́n gbàgbé sínú ebè.

I Am Legend (2007) ni òdìkejì ẹ̀. Dókítà Neville mú obìnrin kan lára àwọn aláàrùn tó ń gbé inú òkùnkùn. Olórí wọn yọjú sínú oòrùn, oòrùn tó lè pa á, kó tó sá padà. Neville rò pé làákàyè ti tán lórí wọn ni; ẹni tó bá ń wòye mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ń wá èèyàn ẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n gbé lọ sí sinimá, Neville fi bọ́ǹbù pa ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn sì di asán. Nínú èyí tó jáde lẹ́yìn náà lórí DVD, olórí wọn fọwọ́ ya labalábá sára gíláàsì, Neville rí labalábá kan náà lára obìnrin tó dè mọ́lẹ̀, ó sì gbé e padà fún wọn. Wọn ò fi nǹkan kan kún ìdajì àkọ́kọ́ kí ìyẹn tó wọlé. Ní tiwa, òun ló dáa jù.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù Íńdíà á rántí Sholay (1975). Gabbar, olórí àwọn adigunjalè, gé ọwọ́ Thakur méjèèjì. Ẹni tí kò lọ́wọ́, kí ló kù fún un? Ẹsẹ̀. Wọ́n kan ìṣó sábẹ́ bàtà ẹ̀, wọ́n sì yà á pé bàtà yẹn ni Thakur fi pa Gabbar. Ìjọba pàjáwìrì ló wà lóde ní Íńdíà lọ́dún yẹn, àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní kí ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí má fọwọ́ ara ẹ̀ dájọ́. Wọ́n tún un yà: bí Thakur ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ọlọ́pàá dé. Láti ibo? Ẹnikẹ́ni ò rí wọn lọ́nà. Ọlọ́pàá tó bọ́ láti ọ̀run báyìí ni àbùkù tó wọ́pọ̀ jù nínú ìparí táwa náà ń dábàá.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé èyí sórí fíìmù tiwa. Nínú Saworoidẹ (1999), tí Túndé Kèlání ṣe, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn ẹ̀, Lápité ọba kọ̀ láti ṣe ètùtù tó so ọba, adé, ìlù àti ìlú Jogbo pọ̀. Bó bá dé adé idẹ, tí wọ́n sì lu ìlù yẹn, tó ń jẹ́ saworoidẹ, orí á fọ́ ọ títí á fi kú. Àmọ́ ọwọ́ Lágata ológun ló kú sí. Lágata gba adé, ìlù sì pa Lágata. Ohun táwọn olùwòran máa ń fẹ́ ni pé kí ìlù pa Lápité fúnra ẹ̀, torí òun ló da májẹ̀mú.

Ìfẹ́ yẹn tọ́. Ẹ wá wo ohun tó máa ná wa. Ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: adé lórí ẹ̀, ìlù létí ẹ̀, àìfura lọ́kàn ẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣòro, torí Lápité mọ̀ nípa ìlù náà, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà á. Ọ̀pọ̀ á ní ká yọ Lágata kúrò kọ́rọ̀ lè rọrùn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ìjọba ológun kógbá wọlé ní Nàìjíríà ni fíìmù yìí jáde. Bí Lágata bá kúrò, ìdajì ohun tó ń sọ ti lọ.

Bí Lágata bá sì dúró, ìṣòro mìíràn dé: bó bá rí bí Lápité ṣe kú, kò ní dé adé yẹn láéláé, á dáná sun ìlù. Ohun tí ẹnì kan mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀ ló máa ń ba ìparí jẹ́ jù. Ẹ pín ìwé sí òpó méjì fún olúkúlùkù: ohun tó mọ̀ lápá òsì, ìran tó ti mọ̀ ọ́n lápá ọ̀tún. Bí òpó ọ̀tún bá ṣófo, ẹ ò tíì rí ìparí.

Ọ̀nà tó jọ pé ó ṣeé gbà nìyí. Ní àárín fíìmù, kí wọ́n gbé ìlù mìíràn wá fún Lápité pé saworoidẹ nìyí, kó sun ún níṣojú ara ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tó. Ìyẹn mú ìfura kúrò. Nígbà tí ìlù gidi bá wá pa á, àwọn ìjòyè nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì sọ fún Lágata pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Irọ́ yẹn bá ìwà wọn mu, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè. Àbùkù tó kù ni pé èèyàn méjì kú ikú kan náà, ti ẹ̀ẹ̀kejì á sì tẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ti Lápité hàn. Ẹ jẹ́ ká wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ìlù dún, ìlù dákẹ́, adé yí gbirigbiri jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì dúró.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ìparí tiyín, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yà á, kíkọ ẹ̀ ò gùn. Ojú ìwé kan nínú ìwé fíìmù ni wọ́n ń kà sí ìṣẹ́jú kan. Ìparí kan kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé mẹ́rin. Yorùbá tó lówe máa ń gùn ju bó ṣe rí lórí ìwé lọ, torí náà ẹ kà á sókè, kẹ́ ẹ fi fóònù ká àkókò ẹ̀. Ẹ yan èdè kan. Bó bá jẹ́ Owé, èdè àwọn ará Kàbà, kó jẹ́ Owé látòkèdélẹ̀. Ìjòyè tó ń sọ Owé ní òwúrọ̀, tó ń sọ Ìyàgbà lálẹ́, ẹ̀rín ló máa pa wọ́n ní Mọ̀pà. Bó bá jẹ́ agbègbè Bùnú lẹ ti fẹ́ yà á, ẹ rántí pé ara ìsìnkú àgbà ni aṣọ ìpo pupa jẹ́. Bí pupa yẹn bá kọjá lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ pé èèyàn ńlá ti lọ, ẹ ò ní láti sọ ọ́ lẹ́nu. Aṣọ pupa lásán ni kẹ́ ẹ lò o, kì í ṣe ti gidi, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn àgbà.

Fóònù tó bá ń ya 1080p (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó) tó. Ẹ dà á ní ìbú, ẹ tì í sí 30 fírémù, ìyẹn ọgbọ̀n àwòrán, ní ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́ ẹ tẹ ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi dúró sójú kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú òṣèré á máa dúdú á máa funfun nígbà gbogbo tó bá rìn. Ìṣẹ́jú kan lè gba tó 130 MB, ẹ sọ àyè di òfo kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ohùn ló ń bàjẹ́ jù. Tírélà sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ láti Ọbájáná ò ní dúró dè yín, torí náà ẹ kúrò lẹ́bàá títì, kẹ́ ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ògiri. Ẹ fi fóònù kejì sínú àpò àyà òṣèré kó máa gba ohùn, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ìran tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí àtẹ́wọ́ ti dún lẹ máa fi so àwòrán mọ́ ohùn. Ẹ má sì gé kiní kan látinú fíìmù gidi lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ YouTube á dá a mọ̀.

Adé tẹ́ ẹ máa yí lórí sìmẹ́ńtì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páálí tí wọ́n kùn, ìró páálí ló sì máa dún. Ẹ wá abọ́ idẹ, ẹ yí i nínú yàrá tó ṣófo, kí fóònù wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, kẹ́ ẹ gba ìró ẹ̀ lọ́tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tó bá pẹ́ jù kó tó dákẹ́ ni kẹ́ ẹ lò.