Ọmọ Mi Fẹ́ Kọ́ Dūdas, Kò Fẹ́ Gbọ́ Yorùbá

"Mọ́mì, ẹ má bá mi sọ Yorùbá mọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi." Èdè Látfíà ló fi sọ ọ́, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Riga níbí, olú ìlú Látfíà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló tún ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ kọ́ dūdas.

Fèrè alápò ni dūdas. Awọ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe àpò rẹ̀. Afọnfèrè á fẹ́ atẹ́gùn kún un, á há a sábẹ́ abíyá bíi gángan, á máa fún un. Fèrè kan ń kọrin, èyí tó gùn ń hùn lóhùn kan ṣoṣo, kò ní dákẹ́ bí ẹni tó ń fọn ọ́n tilẹ̀ ń mí. Ìlú tí òtútù ti ń mú èèyàn títí di oṣù kẹrin, ó dáa kí nǹkan kan máa gbóná lábẹ́ abíyá wọn!

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kí orin yìí parun. Fayolíìnì àti àkọ́díọ̀nù ti gba òde ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Alsunga, láàárín àwọn Suiti, àwùjọ kékeré kan ní Kurzeme, ìwọ̀ oòrùn Látfíà, Pēteris Šeflers wà lára àwọn afọnfèrè ìkẹyìn tó gbà á lọ́wọ́ àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó jí i dìde lẹ́yìn náà, inú mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n ti lọ wo fèrè, inú ìwé àwọn onímọ̀ ni wọ́n ti wá orin. Lónìí, ẹgbẹ́ Auļi ti ń fi dūdas àti ìlù ṣeré láti 2003. Ní 2009, UNESCO kọ àṣà àwọn Suiti mọ́ èyí tó nílò ààbò kíákíá.

Àwa ńkọ́? Bàbá onílù tó lù níbi ìgbéyàwó mi l'Ọ́yọ̀ọ́ ti kú. Kò sí ọmọ rẹ̀ kan tó gba kọ̀ǹgọ́. Ó mọ oríkì ìdílé wa délẹ̀délẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ló ń pa mí lẹ́kún ju ohun tí ọmọ mi sọ lọ.

Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún dūdas, tayọ̀tayọ̀. Yorùbá la ó sì máa sọ nílé, ìyá mi á máa kì í lórí WhatsApp lálaalẹ́. Ẹ̀yin ará wa ní Riga, ẹni tó bá ní gángan nílé tó sì mọ̀ ọ́n lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ ká máa kó àwọn ọmọ jọ.