Òtútù Kọ́ Ló Ń Mú Wa Sanra: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Alẹ́ Ní Manchester

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí England fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, ẹ kú ìfaradà òtútù. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ, àlàyé rẹ̀ ló gùn díẹ̀. Tí ẹ bá ń dúró kó wù yín láti jáde kí ẹ tó jáde lóṣù Kejìlá, ẹ ò ní jáde. Ẹ so ìrìn mọ́ ohun tí ẹ máa ṣe dandan.

Àwọn èèyàn wa a máa sọ pé òtútù ló ń múni sanra. Wọ́n parọ́ mọ́ òtútù. Nílé, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀, ẹ ó gun afárá, ẹ ó rin ọjà láti ìsọ̀ alata dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Níbí, bọ́ọ̀sì ń dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà, ilé móoru, ẹni tí kò bá fẹ́ lọ sọ́jà á tẹ fóònù, oúnjẹ á wá bá a nílé. Ẹsẹ̀ dúró, òkèlè ò dúró. Kóòtù ńlá á wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i títí oṣù Kẹrin á fi dé.

Tiwa tí à ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tún yàtọ̀. Ní Manchester, lásìkò tí ọjọ́ kúrú jù lóṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ á ti kọjá dáadáa kí oòrùn tó yọ, á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹni tó bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, tó wọ bọ́ọ̀sì, tó sùn títí di aago mẹ́ta, kó tó wẹ̀, kó tó jẹun, ilẹ̀ ti ṣú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan gbáko kó má fojú kan oòrùn. Ohun tó gbà mí ni pé mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá ku ibùdókọ̀ méjì kí n délé, kí n wá fẹsẹ̀ rin ìyókù bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ délé ná. Tí ẹ bá ti bọ́ bàtà, tí ara ti móoru, ó parí nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ní kí àgbàlagbà fi rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kó fi ṣe nǹkan tó jọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí a ó fi ṣe ohun tó ń fún iṣan lókun. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni èyí tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka lílọ-bíbọ̀ inú wọ́ọ̀dù sí ìyẹn, bó tilẹ̀ ń dunni lẹ́sẹ̀: à ń rìn, à ń dúró, ọkàn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lù kíkan. Lọ́jọ́ tí yìnyín bá dì sójú ọ̀nà, ẹ gun àtẹ̀gùn ilé yín lọ sókè sódò. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú, ọ̀sẹ̀ mélòó ni kò ní lè rìn rárá?

Ó ku oúnjẹ. Nígbà Kérésìmesì, àwọn ẹbí aláìsàn á kó páànù ṣokoléètì wá dúpẹ́, wọ́n á gbé e ka orí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó máa jókòó jẹ ẹ́. Ẹni tó ń lọ mú fáìlì á mú ẹyọ kan, ẹni tó ń bọ̀ láti ìdí bẹ́ẹ̀dì á mú méjì. Tó bá di aago mẹ́ta òru tí oorun ń kunni, ọwọ́ ò ní kúrò nínú páànù mọ́. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ẹ gbé oúnjẹ dání láti ilé, ẹ̀wà, ẹyin sísè, ọsàn, kí ẹ sì jẹ ẹ́ kí òru tó jìn. Ẹni tó ti yó kì í wo páànù lójú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ pa àmàlà àti ẹ̀fọ́ tì kí ẹ máa jẹ ewé tútù nínú òtútù yìí. Òróró ni kí ẹ máa ṣọ́. Ṣíbí ńlá kan tó kún fún òróró ní nǹkan bíi kàlórì 120. 2,000 ni wọ́n ń dá lámọ̀ràn fún obìnrin lójúmọ́, 2,500 fún ọkùnrin. Ẹ wá wo bí a ṣe ń tẹ kẹ́ẹ̀gì sórí ìkòkò, tí à ń wò ó bóyá ó ti bo ìdí ìkòkò: ṣíbí mẹ́wàá lè ti wọlé kí àlùbọ́sà tó balẹ̀. Kàlórì 1,200 nìyẹn, ẹran ò sì tíì wọ ibẹ̀. Ṣíbí ni mo fi ń wọn tèmi báyìí, ọbẹ̀ mi ò sì tíì té.

Ẹ ra téèpù aránṣọ. Ẹ wọn ikùn yín yíká, láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá mí síta. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín: ẹni tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, kí tiẹ̀ má dé 80. Ní ti BMI, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń wo bóyá ara wúwo ju bó ṣe yẹ fún gíga ẹni, 25 tí ẹ ń rí lára ògiri ilé ìwòsàn pé ó ti pọ̀ jù kọ́ ni tiwa. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, ní kí àwa ọmọ Áfíríkà ti máa ṣọ́ra láti 23.

Fítámì D ò lè dín ikùn kù o, àmọ́ ẹ lò ó nítorí oòrùn tí a kì í rí, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́. NHS tiẹ̀ ní kí aláwọ̀ dúdú rò ó láti máa lò ó yípo ọdún.

Tí ẹ bá wá rí i pé ẹ̀ ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí nǹkan dídùn àti búrẹ́dì ń pè yín ṣáá, tí inú yín ò dùn bí ìgbà òtútù bá ti wọlé, ẹ má pe ara yín ní ọ̀lẹ. Àìsàn wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò tí ẹ forúkọ sí lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó lè yẹ tírọ́ọ̀dù, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lọ́rùn, wò pẹ̀lú nínú ẹ̀jẹ̀. Ní England, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín fún NHS Talking Therapies, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ sọ̀rọ̀, láìkọ́kọ́ rí dókítà.